Láwuyì Aláṣọ Ìtànná

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó já ìtànná ilá, kó má béèrè ọbẹ̀? Ẹ sún mọ́ mi.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, òjò sì ti ń ṣú, láàárọ̀ ọjọ́ tí abúlé Ajítanná fẹ́ ṣe ọdún òdòdó àkọ́kọ́. Baálẹ̀ ti pàṣẹ pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan wọ ẹnì kan láṣọ òdòdó. Agboolé tó bá dára jù ni yóò máa ṣáájú ìwọ́de lọ́dọọdún, ibẹ̀ náà ni Baálẹ̀ yóò ti jẹ iyán àti ọbẹ̀ ilá ọdún.

Agboolé Láwuyì ló máa ń kẹ́yìn nínú gbogbo ìwọ́de. Eruku ẹsẹ̀ àwọn ará iwájú ló ń jẹ láti kékeré. Ọ̀pádèjì, aládùúgbò rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Láwuyì, eruku tọdún yìí á dùn o! Mú omi dání."

Ni Láwuyì bá wọ oko ilá rẹ̀. Ìtànná ti pọ́n bí ìyeyè. Ó já a tán pátá, ó rán an mọ́ agbádá àti fìlà.

"Olówó orí mi," ni Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wí, "ìtànná yẹn ló ń di ilá o."

"Ta ló ń sọ ti ilá? Iyì là ń wá!"

Òjò dé, wọ́n sún ọdún sí ọjọ́ kejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìtànná ti ká jọ bí etí ajá tí wọ́n bá wí. Lọ́jọ́ kejì, Láwuyì já ti oko Àwẹ̀ró. Òjò tún dé. Ó já ti Ọ̀pádèjì. Òjò ò yé, òun náà ò yé, ó ń já ti oko dé oko. Nígbà tó yá, ó yọ́ wọ oko ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ń já a, ó ń wẹ̀yìn.

Kí òjò tó dá, kò sí ẹyọ ilá kan lórí igi ní gbogbo Ajítanná. Àmọ́ nígbà tí oòrùn gbẹ ilẹ̀, tí ọdún bẹ̀rẹ̀, Láwuyì ń tàn yanranyanran.

"Agboolé yìí ni yóò ṣáájú!" ni Baálẹ̀ wí.

Láwuyì na igbá omi sí Ọ̀pádèjì. "Gbà, ọ̀rẹ́ mi. Eruku ń bọ̀."

Wọ́n dé ilé rẹ̀. Iyán funfun délẹ̀. Baálẹ̀ bu òkèlè, ó gbé e dání, gbogbo abúlé náà gbé tiwọn dání.

"Àwẹ̀ró!" Láwuyì pariwo. "Ọbẹ̀ dà?"

Àwẹ̀ró jáde, ó wo fìlà ọkọ rẹ̀.

"Orí yín ló wà. Ẹni tó já ìtànná ilá, kó má béèrè ọbẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró wúkọ́. Láwuyì ṣí fìlà, ó já ìtànná kan lára rẹ̀, ó fi lé òkèlè, ó sì gbé e mì.