Ọjọ́ Tí Mo Gbàdúrà Lé Orin Onírin Lórí

Níbo ni igbe ń parí sí kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀? Mi ò tíì mọ̀ ọ́n di òní. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ nítorí igbe tó ń ti yàrá àbúrò mi jáde. Ajórinmọ́rin ni, wẹ́dà, kì í ṣe aláìsàn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo mú ìgò òróró mi, mo kanlẹ̀kùn.

“Ta ló ń fìyà jẹ ọ́ níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi nìkan ni, Àǹtí mi. Orin ni mò ń kọ.”

“Orin kẹ̀? Mo ṣebí wọ́n ń yọ eyín rẹ ni.”

“Hẹ́fì mẹ́tà ni, orin onírin tàwọn òyìnbó. Ẹgbẹ́ kan ń wá akọrin, aago mẹ́rin òní ni wọ́n fẹ́ dán mi wò. Láti ilé ìwé ni mo ti ń retí irú ọjọ́ yìí.”

Ó ṣílẹ̀kùn; awò iṣẹ́ ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Fọ́tò àwọn ọkùnrin onírun gígùn ló kún ara ògiri.

“Àwọn wo nìwọ̀nyí? Ṣé kò sí onígbàjámọ̀ ládùúgbò wọn ni?”

“Háà, àwọn ọ̀gá nìyẹn! Eyín Òkúta lorúkọ wọn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni onílù wọn fi ń lù ú, bí òjò lórí páànù.”

“Ta ló ń lé e?”

“Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ wọn yìí ni Ìjì Ọ̀sán. Àwọn kì í kánjú ní tiwọn. Orin kan á gba ogún ìṣẹ́jú, gìtá á máa wọ́ bọ̀ bí ìgbà téèyàn mẹ́rin ń gbé fìríìjì gun àtẹ̀gùn.”

“Ogún ìṣẹ́jú! Ta ló máa ń ní sùúrù yẹn?”

“Wákàtí méjì ni pásítọ̀ yín fi ń wàásù.”

“Ìbùkún wà nínú ìyẹn.”

“Ìbùkún ọ̀hún lẹ fi sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

“Sátánì ni wọ́n ń kì, àbí?”

“Rárá o. Orin wọn tí mo fẹ́ràn jù, ti ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú ni. Ó ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí kò dá òun lóhùn. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn wọn nìyẹn: bó bá dùn wọ́n, wọn kì í díbọ́n.”

Mo gbé ìgò òróró sílẹ̀. Ìyá tiwa ò tíì ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀.

“Ṣé Ó wá dá a lóhùn?”

“Orin ti parí kó tó débẹ̀, Àǹtí mi.”

“Ó dáa. Kọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ó ya ẹsẹ̀, ó dijú, ó ké. Ọmọ ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn ò ké tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ìbòrí bo ẹnu.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ ikùn ló yẹ kí ohùn ti wá. Tèmi ò kọjá ọ̀fun.” Ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Àdúrà kékeré ni mo fẹ́ gbà, kí ohùn rẹ̀ lè là. Mi ò mọ ibi tí èyí tó jáde ti wá:

“BÀBÁ! O TI DÁKẸ́ JÙ! DÁ WA LÓHÙN!”

Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Eyín Òkúta já bọ́ lára ògiri.

Àbúrò mi la ojú kan, ó la ìkejì, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Àǹtí mi, mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ máa ráyè ní aago mẹ́rin?”