Thurman Gaddis, Agbẹnusọ Ìjọba

Bí Thurman Gaddis bá sín, ó máa ń wù ú kí wọ́n gbọ́ ọ dé Washington. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Thurman Amọ̀-ọ́n-tán, Ajá-ọ̀rọ̀-gbà-lẹ́nu-ọlọ́rọ̀. Ní ìlú kékeré tó ń gbé ní Ohio, kò sí ohun tẹ́nìkan mọ̀ tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, tí àwọn àgbàlagbà ń yan ètò ìlera tí yóò máa sanwó ìtọ́jú wọn lọ́dún tó ń bọ̀, tí yóò sì sọ dókítà tí wọ́n lè lọ bá, Thurman rí ìkànnì kan lórí kọ̀ǹpútà. Àsíá orílẹ̀-èdè ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀, ẹyẹ idì na ìyẹ́ gbàgàdà. Ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é.

"Ọ̀gbẹ́ni Gaddis, ẹ kú oríire. A ti yàn yín."

Yàn án sípò wo? Kò béèrè. Orí ẹ̀ ti wú.

Ní Ọjọ́bọ̀, níbi tí àwọn arúgbó ti ń jẹun pọ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé kọ̀ǹpútà dé. Wọn ò tíì jẹ páì tán tó fi gba nọ́ńbà gbogbo wọn, tó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì náà. Opal Rudnick nìkan, opó tí àìsàn ọkàn ń bá fínra, ló kọ̀.

"Opal, ìjọba fẹ́ ṣe ẹ́ lóore, o ń yínmú sí i."

"Mi ò fẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ṣé ìjọba nìyẹn ṣá? Ìkànnì ìjọba tọ́mọ mi fi hàn mí, 'gov' ló gbẹ̀yìn àdírẹ́sì ẹ̀. Tìẹ ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ ẹ wá mọ̀wé jù mí? Ẹni tó rí idì tí kò mọ̀ pé ìjọba ni, adìẹ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún."

Fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ dákẹ́. Washington ni." Ó gbé e sórí tábìlì, ó yí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Gaddis," ni ọ̀dọ́kùnrin kan wí, "ṣé ẹ ti ṣetán láti pààrọ̀ ètò yín?"

Opal fa àga sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé ìjọba lò ń bá ṣiṣẹ́?"

"Rárá, mà. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni wá. Ètò ìlera la ń tà."

"Tí mo bá rà á lọ́wọ́ yín, ṣé dókítà mi ṣì máa tọ́jú mi?"

"Mi ò lè sọ, mà. Ṣùgbọ́n ẹ lè fọwọ́ sí i lónìí."

"Thurman tí ẹ yàn ńkọ́? Ipò wo lẹ yàn án sí?"

"Gbogbo ẹni tó bá fi nọ́ńbà sílẹ̀ la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, mà."

Arlene, ìyàwó Thurman, fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Ó yí ojú ìwé náà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó wá ka àwọn lẹ́tà tó rí bí èèrà: "'A kì í ṣe ìjọba. A kò sì bá ìjọba tan.'"

"Idì lo tẹjú mọ́, Thurman," ni Opal wí. "O ò wo ìdí."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni Thurman wí. "Mo kàn fẹ́ dán yín wò ni."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí fóònù fi dún nínú àpò Lowell tó jókòó tì í. Òmíràn dún nínú báàgì obìnrin kan. Kí wọ́n tó mọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń dún bí ilé adìẹ tí ológbò já wọ̀.

Lowell na fóònù tirẹ̀ sí i. "Agbẹnusọ ìjọba, wọ́n ti yan èmi náà. Wá bá mi dá wọn lóhùn."

Thurman ṣà fìlà rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yọ jáde. Nígbà tí Arlene máa rí i, inú ọkọ̀ ló wà, yìnyín ti bo gíláàsì, ó ń ṣàlàyé fún ẹnì kan lórí fóònù pé òun kọ́ ni Thurman.