Ike Ice Cream Méjì

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ eléyìí kí n tó bú sẹ́rìn-ín! Ọ̀sán Sátidé ni, ní Lilburn, l'Amẹ́ríkà. Fellowship ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé Aunty Mojísọ́lá, nọ́ọ̀sì. Ó ti da ata inú ike ice cream kan tó dì gbagidi sínú obẹ̀, àmọ́ iyọ̀ ti wá pọ̀ jù. Ó ní kóun fi ata sí i, ó mú ike ice cream míì látinú firísà, ó ṣí i.

AUNTY: Túnmiṣe! Kí ni okùn bàtà ń wá nínú ata mi?

(Túnmiṣe, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n bí síbí, sáré wọlé.)

TÚNMIṢE: Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù! Aràn òkun ni. Mo wakọ̀ wákàtí mẹ́rin nítorí ẹ̀. Mọ́ńdè ni mo máa fi han professor wa. Láìsí i, wọn ò ní gbà mí sí lab wọn.

AUNTY: Èmi ń fún gbogbo ayé lóògùn aràn, ìwọ ń wakọ̀ lọ kó o wálé!

TÚNMIṢE: Kì í ṣe aràn gan-an ni mò ń wá. Ohun tó ń jẹ ẹyin ẹ̀ ni!

AUNTY: Aràn náà tún láràn?

TÚNMIṢE: Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo péré, Aunty! Kò lójú, kò lẹ́nu, kò nífun. Á yọ́ wọnú ẹyin, á máa fa ohun inú ẹ̀ mu títí ẹyin á fi ṣófo. Á wá pín ara ẹ̀ sí púpọ̀, wọ́n á tú jáde lọ wá ẹyin míì!

AUNTY: Kò níṣẹ́, kì í fọ abọ́, ó ń jẹ ẹyin ẹlẹ́yin. Mo mọ ọ̀kan. Basement mi ló ń sùn.

TÚNMIṢE: Aunty!

AUNTY: Wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ: Raheemat ń ka pharmacy, Déolú ń ka nursing. Ìwọ, akọ̀wé aràn. Ṣé ike ice cream nìkan lo rí?

TÚNMIṢE: Ẹ kì í jẹ ice cream. Mo ní kò sẹ́ni tó máa ṣí i.

AUNTY: Ọmọ Amẹ́ríkà! Ilé Yorùbá wo lo ti rí ice cream nínú ike ice cream?

(Ó da gbogbo ẹ̀ sínú sink.)

TÚNMIṢE (ó mí kanlẹ̀): Ọlọ́run ṣe é, aràn lásán nìyẹn. Ẹyin wọn wà nínú ike kejì. Inú omi òkun ni mo kó wọn sí, wọ́n pupa rúsúrúsú.

(Aunty wo ìkòkò.)

AUNTY: Omi òkun yẹn... ṣé ó níyọ̀ gan-an?

TÚNMIṢE: Gan-an! Aunty, ike kejì dà?

(Bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà dún. Aunty fi ọmọrí de ìkòkò.)

AUNTY: O ní kò lẹ́nu, àbí?

TÚNMIṢE: Kò lẹ́nu, Aunty.

AUNTY: Ìwọ náà ò lẹ́nu. Lọ ṣílẹ̀kùn.

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, obẹ̀ ṣì kù ní Lilburn. Ẹ lọ tọ́ ọ wò fúnra yín.