Dókítà Bienvenu, Elédè Ẹ̀rọ Méjì

Bienvenu Oyèwọlé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ o, kò ní dáhùn. Dókítà ni kí ẹ pè é. Kò sí ilé ìwé tó fún un lóyè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára pátákó bureau rẹ̀, ọ́fíìsì tó ń lò ní àdúgbò Koulouba, ní Ouaga níbí. Dókítà Kọ̀ǹpútà, Agbédè-ẹ̀rọ-bí-ẹni-gbọ́-ti-ìyá-ẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní àdúgbò Bilbalogo ní ìkòkò ńlá àti ẹní tí a máa ń yá ẹni tó bá ń ṣe ìkómọ. Ẹlòmíràn á yá a tán, á gbàgbé ẹ̀ sílé. Bàlíkíìsì, ọmọ Ìyá Nimotalahi, ló fi Python, èdè ẹ̀rọ kan, kọ ètò kan: tẹ orúkọ ènìyàn, bí ẹrù ẹgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀rọ á ní, "Dá ẹrù padà." Bí kò bá sí, á ní, "Barka," bí àwọn Mossi ṣe ń wí pé ẹ ṣé. Ẹgbẹ́ fẹ́ yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà, ètò yìí lọmọ náà fẹ́ fi wá iṣẹ́ ọ̀hún.

Dókítà ní kó mú un wá kí òun bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un kọ ní JavaScript, èdè ẹ̀rọ mìíràn, ó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, òun náà ń wá iṣẹ́ ọ̀hún.

"Tonton, iṣẹ́ mi nìyẹn," ni Bàlíkíìsì wí. "Ẹ ò tiẹ̀ tún un ṣe dáadáa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní àpò tí ẹ̀rọ ń kọ ẹrù ọwọ́ ẹ̀ sí. Ní Python, àpò tó bá ṣófo, bí ẹni pé kò sí àpò ni. Ní JavaScript, àpò ni àpò ń jẹ́, ì báà ṣófo. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kó kọ́kọ́ ka iye ohun tó wà nínú ẹ̀."

"'Bí' ni 'bí' níbi gbogbo, ọmọdé yìí. Bí òjò bá rọ̀ ní Ouaga, ilẹ̀ á tutù. Bó bá rọ̀ ní Kútọnu, ilẹ̀ á tutù. Kí lo fẹ́ kọ́ mi?"

"D'accord, Tonton, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ péjọ. Dókítà wọ kóòtù nínú ooru, ó gbé ẹ̀rọ tó ń tan ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri kalẹ̀, ó tẹ orúkọ alága wa, Alàájì Fàrúúkù, ẹni tí kò yá ṣíbí rí. Ó hàn gàdàgbà lára ògiri: "Dá ẹrù padà."

"Ẹrù wo?" ni Alàájì bi í.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, Alàájì. Ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín."

Ó tẹ ti Ìyá Nimotalahi: dá ẹrù padà. Ó tẹ ti lèmọ́mù: dá ẹrù padà.

"Èmi tí mo ti Kútọnu dé ní Ọjọ́bọ̀?" ni lèmọ́mù wí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn.

Bàlíkíìsì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀. Alàájì: Barka. Ìyá rẹ̀: Barka. Lèmọ́mù: Barka.

Dókítà yọ ṣùtì. "Barka fún gbogbo ayé. Ẹ̀rọ yìí ò mọ nǹkan kan. Tẹ tèmi náà wò."

Bàlíkíìsì tẹ̀ ẹ́. "Dá ẹrù padà: ìkòkò ńlá mẹ́ta, láti ìgbà ìkómọ Fabiola."

Fabiola, ọmọ Dókítà, ti wà ní kíláàsì kejì báyìí.

"Mo sọ fún un títí," ni Philomène ìyàwó rẹ̀ wí. "Inú wọn ló ń kó wáyà sí."

Alàájì nu ojú, ẹ̀rín ti pa á. "Bàlíkíìsì, ìwọ ni wàá máa kọ́ àwọn ọmọ. Dókítà, ìkòkò wa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dókítà ti ilé rẹ̀ ní Tampouy ń bọ̀ lórí alùpùpù, ìkòkò mẹ́ta ń dún gbàǹgàn-gbàǹgàn lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ ló ń kí i pé, "Dókítà, barka o."

Ó ní Bienvenu lòun ń jẹ́.