Ẹja Tó Máa Gbé Lathbury Dórí Àga

Bí ẹ bá ń wá Peregrine Lathbury létí odò Wenny, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀. Èéfín ni kí ẹ wá. Sìgá tirẹ̀ kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń rí lẹ́nu àwọn èrò ibùdókọ̀ o. Odidi ewé tábà ni wọ́n fi wé e, ó ki tó àtàǹpàkò alágbẹ̀dẹ. Lathbury, Ọkọ Èéfín! Abẹnu-gbóná létí omi tútù! Ìwọ̀ mẹ́tàlélógún tí wọ́n fi ìyẹ́ wé bí eṣinṣin ló há sára fìlà rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kan omi rí.

Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú ẹgbẹ́ apẹja ibẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń mú ẹja tíráòtù tó gùn báyìí, tó sanra báyìí.

"Ẹja ọ̀hún dà?"

"Mo ti dá a padà sódò. Ọmọlúàbí kì í pa irú ẹja bẹ́ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Gbogbo wọn náà ló ń dá ẹja padà, ẹja kì í sì í wá jẹ́rìí.

Àfi lọ́dún yìí tí Màmá Tapsell, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní òun fẹ́ dìde lórí àga Ọ̀gá Odò, ìyẹn àga olórí ẹgbẹ́. Lathbury fẹ́ àga yẹn débi pé oorun dá lójú rẹ̀. Ó ti tẹ káàdì tó ní oyè náà lára. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ kò gba ẹnu dídùn: ẹni tó bá máa jókòó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹja tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá sórí tábìlì, lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tí eṣinṣin odò bá ń fò.

Lathbury kúkú mọ ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó gbé ẹja wá, ó wa mọ́tò lọ sí ìlú kan tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja.

"Èyí tó lórí ni kó o fún mi o."

"Gbogbo wọn ló lórí, bàbá."

"Kí tèmi tóbi ju gbogbo wọn lọ."

Bí ó ti dé etí odò, ó fi ìka méjì gbé e jáde nínú bébà, ó yíjú sẹ́yìn nítorí òórùn, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì da koríko tútù bò ó. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ṣáná sí sìgá, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Oòrùn mú, omi mọ́ gaara, àwọn ẹja sì ń yọ imú bu eṣinṣin jẹ níwájú rẹ̀.

Dunstan Pyle, ẹ̀ṣọ́ odò, ń kọjá lọ.

"Ọ̀gá, ẹja ń jẹun níwájú yín yìí o! Ẹ ò ní ju ìwọ̀ ni?"

"Mo ti mú tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Dunstan."

"Áà! Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ bàtà yín gbẹ."

"Ọ̀gá kì í wọ omi. Ẹja ló ń tọ ọ̀gá wá."

Dunstan wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán, wọ́n pé jọ sílé apẹja létí odò. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì ti wà lórí tábìlì. Lathbury wọlé bí ọba tuntun, ó fa tíráòtù yọ nínú koríko, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dojú ikùn ẹja náà kọ ara rẹ̀. Gbogbo ilé pariwo. Ẹja náà tóbi lóòótọ́.

"Káì! Peregrine! Ìwọ lo mú eléyìí?"

"Ọwọ́ mi yìí náà ni. Ó bá mi jà fún ogójì ìṣẹ́jú."

"Ìwọ̀ wo lo lò?"

"Àdábọwọ́ mi ni. Àṣírí ẹ̀ ò ṣeé tú."

"Má dààmú," ni Màmá Tapsell wí. "Ẹja fúnra ẹ̀ á sọ ohun tó jẹ fún wa. Dunstan, gbé ṣíbí wá."

Àṣà àwọn ará Wenny ni pé ẹja tó bá dórí tábìlì, wọ́n á ti ṣíbí gbọọrọ kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á fi wa oúnjẹ inú rẹ̀ jáde, kí àwọn yòókù lè mọ irú eṣinṣin tí ẹja ń jẹ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe é ni Lathbury máa ń wà níta, nítorí wọn kì í jẹ́ kó mu sìgá nínú ilé.

Màmá Tapsell ti ṣíbí wọlé. Ṣíbí kò bá ìdínà kankan pàdé. Ó gba inú ẹja kọjá, ó sì yọ lábẹ́ ikùn, kọ̀ọ̀, lórí pákó tábìlì.

"Dunstan, ẹja yìí ò ní ìfun."

Ó fa ṣíbí náà padà. Ègé ọsàn kíkan kan ló bá a jáde, pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ta sánsán, bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe máa ń kì í sínú ẹja títà.

"Ó dáa," ni ìyá arúgbó wí. "Ọsàn ni wọ́n ń jẹ lónìí. Ta ló ní ìwọ̀ tó jọ ọsàn?"

"Bóyá… bóyá ẹnì kan ló ju ọsàn sódò, Màmá," ni Lathbury wí.

"Ẹni yẹn náà ló tún la ikùn ẹ̀, tó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní?"

Ẹ̀rín bú. Dunstan di ògiri mú kó má baà ṣubú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Lathbury kò tilẹ̀ pé méjìlá. Ó ṣí fìlà, orí rẹ̀ pọ́n, ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, láti ọdún mọ́kànlá yìí, mi ò mú ẹyọ kan rí."

Màmá Tapsell padà jókòó sórí àga rẹ̀ fún ọdún kan sí i. "A mọ̀, Peregrine," ló wí. "Àwọn ẹja gan-an mọ̀."