Kóòtù Òtútù Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ bá mi kí Olúgbádé, agbaṣẹ́ṣe pàtàkì tó ń gbé Òkè-Ìlá nílùú Adó, Arìn-lórí-yìnyín-má-yọ̀, ọkùnrin tó lo ọ̀sẹ̀ méjì péré ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì ti gbàgbé bí a ṣe ń fi ọwọ́ jẹ iyán. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ tí kò ní fi "Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún" dáhùn. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú ọyẹ́ yìí, á ní ẹ̀yin kò tíì rí nǹkan kan.

Lọ́dún náà ni ìjọba ní kí a máa ṣọ́ iná lò ní àwọn ilé ìjọba, gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú Adó sì wà lára wọn. Olúgbádé sáré dé ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀, Bàbá Akínọlá.

"Ẹ̀yin bàbá, fáànù ló ń jẹ iná. Lọ́hùn-ún, n kò fojú kan fáànù kankan. Fèrèsé gan-an, ṣe ni wọ́n ń dí i pa. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún mi, kí ẹ wá wo bí ibẹ̀ yóò ṣe tutù."

Kò purọ́. Oṣù Jánúárì ló lọ, kò sì béèrè ohun tí àwọn òyìnbó ń dí fèrèsé fún.

Bàbá Akínọlá ní bí iṣẹ́ náà bá dára, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn náà ni wọn yóò sọ Olúgbádé lórúkọ oyè níwájú gbogbo ìlú: Amúlùútutù. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí Olúgbádé ń fá irùngbọ̀n tí kì í fi oyè yìí kí ara rẹ̀ nínú dígí.

Ó yọ gbogbo fáànù, ó yọ gíláàsì fèrèsé, ó fi pákó dí ojú wọn, ó tún fi fóòmù lé e. Ó ní òun ti dá àwọn ẹrù náà padà sí ilé ìkẹ́rùsí ìjọba ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Fáànù àárín nìkan ló dun àwọn ará ìlú. Apá rẹ̀ kan ti wọ́, bó bá ti ń yí, á máa ké "kẹ́ù, kẹ́ù." Wọ́n sọ ọ́ ní Alátakò, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí alága máa sọ tí kò ní dá sí i.

Àárín ìgbà náà ni Olúgbádé kò gba àlejò nílé mọ́. Bí ẹ bá lọ kí i, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dá yín lóhùn.

Ọjọ́ ṣíṣí gbọ̀ngàn pé. Ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ewé lórí igi. Olúgbádé gbé kóòtù òtútù Lọ́ńdọ̀nù wọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa wọlé o! Ẹni tí kò bá mú aṣọ tó nípọn wá, kó má dá mi lẹ́bi o!"

Gbọ̀ngàn kún. Ó pàṣẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí òtútù má baà jáde. Ìyá Sìmíátù, olórí àwọn ìyálọ́jà àdúgbò Fájuyì, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Olúgbádé, àbí o dá uná sábẹ́ ulé yìí ni?"

"Òtútù ni, ìyá. Ara yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún..."

"Bọ́ kóòtù yìí, ọmọ mi. Òógùn ń kán sínú bàtà rẹ."

"Ẹni tí òtútù ń mú kì í bọ́ kóòtù!"

Ó mọ̀ pé bí òun bá bọ́ kóòtù, òun bọ́ oyè nìyẹn. Ó bá tún de bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Bàbá Akínọlá dìde, ó ń fi etí agbádá nu ojú. "Ẹ̀yin ará Adó, ọmọ wa yìí, láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ yóò máa jẹ́..."

Gbì! Olúgbádé ti nà gbalaja.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbàgà. Àwọn ọ̀dọ́ gbé e lé èjìká. Ta ni yóò fi ẹni tó dákú sílẹ̀ nínú oòrùn?

"Ulé rẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ," ni Ìyá Sìmíátù wí. "Ulé ẹni là ń gbé ẹni lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olúgbádé létí níbi tó dákú sí. "Ẹ má gbé mi lọ sílé! Ẹ kúkú gbé mi lọ sí ìlú Ìyìn!"

"Ẹ yára, ooru ti dà á lórí rú!" ni àwọn tó gbé e ń pariwo.

Folúkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. "Ẹ gbé e wọ pálọ̀! Ẹ jẹ́ kí n tan fáànù!" Ó tan gbogbo wọn pátá. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti gbogbo ọ̀nà, ara tu àwọn èèyàn débi pé wọ́n gbàgbé aláìsàn. Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè àjà.

"Kẹ́ù, kẹ́ù, kẹ́ù."

Ìyá Sìmíátù gbójú sókè. "Alátakò! Ìwọ rè é?" Ó yí padà, ó fọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé. "Háà, Àkúrẹ́ mà sún mọ́ ulé o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń fi ọwọ́ gbá ògiri. Àánú Folúkẹ́ ṣe èèyàn, torí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé Lọ́ńdọ̀nù lòun ti rà wọ́n.

Bàbá Akínọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga ńlá tó wà lábẹ́ Alátakò, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Ẹ jókòó, kí a parí ìpàdé wa síbí. Orúkọ ni mo fẹ́ sọ ọmọ wa kó tó ṣubú. Àwọn àgbà sì ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A ti wo ulé yìí dáadáa. Orúkọ wo ni ká sọ ọ́?"

"Kẹ́ù, kẹ́ù," ni Alátakò dá sí i.

Olúgbádé, tó ti lajú látìgbà tí atẹ́gùn ti kàn án, yára tún dijú.