Ọjọ́ Mẹ́ta Kí O Tó Ṣàìsàn

Ní ṣọ́ọ̀bù àga tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó o bá fẹ́ ṣàìsàn, wàá kọ lẹ́tà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, gàdàgbà gàdàgbà.

Ọ̀gá wa ló gbé e kalẹ̀. Òfin-Ni là ń pè é lẹ́yìn ẹ̀, torí ohun yòówù kó o bi í, "òfin ni" ló máa fi dá ẹ lóhùn. Ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ máa fún òṣìṣẹ́ tára ẹ̀ ò yá ní ìsinmi. Òfin-Ni gbà. Ó kàn ní kí kálukú rántí sọ fún òun kí àìsàn náà tó dé, kóun lè ráyè fọwọ́ sí i.

Ìjọba tún ní kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà. Ó wà! Ó kàn án mọ́ ògiri lókè téńté, ó fi àgádágodo sí i, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Ó ní tó bá wà nísàlẹ̀, àwa ọ̀lẹ á máa gé ara wa lọ́wọ́ ká lè rí báńdéèjì lò.

Aláàánú èèyàn.

Èmi ni mo máa ń fi sáńpépà fá àga. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn gbé mi. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀, mi ò lè nàró. Mo kọ lẹ́tà: "Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan." Akọ̀wé wa, ìyá jẹ́jẹ́ kan tí kì í fo ìlà kan nínú òfin, gbà á, ó gbé e fún ọ̀gá. Mo wá ń ka ọjọ́.

Ọjọ́ tó pé ọjọ́ mẹ́ta gan-an ni obìnrin kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ní òun wá ṣàyẹ̀wò. Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí kóun wo inú ẹ̀.

Ọ̀gá fa àga tuntun kan, ó gorí ẹ̀. Mo mọ àga yẹn. Gọ́ọ̀mù nìkan la fi lẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, torí ọ̀gá ní ìṣó ti ń pọ̀ jù lára àga òde òní. Mo fẹ́ pariwo, ẹ̀yìn ò jẹ́.

Ó ṣí àpótí.

Kò sí oògùn, kò sí báńdéèjì. Lẹ́tà ló kún ibẹ̀! Gbogbo lẹ́tà àìsàn wa láti ọdún mẹ́ta, fììì, wọ́n ń fò bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní kóun rá wọn mú.

Ká! Ẹsẹ̀ àga.

Gbììì! Ọ̀gá.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n rín in.

Ọ̀gá nà gbalaja, ó ní ẹ̀yìn òun ti kán, kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Lẹ́tà yín dà?"

"Lẹ́tà wo?"

Ìyá nàka sí ògiri. "Ọjọ́ mẹ́ta ni, sà. Òfin ni."

Ará ìjọba ti yọ bírò. Ó ní ṣé wọ́n ń tẹ̀ lé òfin ara ògiri yìí, àbí kóun ti ilé iṣẹ́ náà pa?

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tú bébà tó wà nílẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó kà á, ojú ẹ̀ là. Ó tọrọ bírò, ó fa igi lé orúkọ kan, ó kọ tiẹ̀ sí i, ó fọwọ́ sí i fún ara ẹ̀.

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó pé pérépéré.

Ará ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí agbanisíṣẹ́ tó ti mọ̀ láti Mọ́ńdè pé òun máa ṣubú. Ó máàkì í.

Ó wá ku ẹni tó máa gbé ọ̀gá dé inú ọkọ̀. Akọ̀wé wo ìwé ẹ̀: gbogbo èèyàn níṣẹ́ lọ́wọ́, àfi èmi tí mò ń retí ìsinmi.

Mo pọ̀n ọ́n.

"Rọra," ló ń kùn sí mi létí. "O ò mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa ń dun èèyàn ni."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà," mo ní. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà yín."